Bí A Ṣe Ń Dán Ìwé Ìbéèrè Àìjẹunrekánú Wò Lọ́dọ̀ Àwọn Àgbà: Ìtọ́sọ́nà fún Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ìwé ìbéèrè tí a fi ń mọ àgbàlagbà tí àìjẹunrekánú ti fẹ́ mú kò wọ́n mọ́. Ẹni tó bá ní fóònù lè wà á jáde lónìí, kó tẹ̀ ẹ́ síwèé lọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Tánkẹ̀, kó sì gbé e dé Òkèlélè tàbí Òmù-Àrán lọ́la. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà ilẹ̀ Faransé, ti Amẹ́ríkà àti ti Kánádà ni wọ́n fi dán àwọn ìbéèrè náà wò. Bí àgbà Ìlọrin ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń dáhùn ìbéèrè àlejò, àti ohun tó kà sí ìtìjú, kò sí nínú rẹ̀. Ẹ lè túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tó dán mọ́rán, kó má sì mú ẹni tó yẹ kó mú.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwádìí àṣekágbá, àti ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ máa ṣàyẹ̀wò àwọn àgbà ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìṣirò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, orí àpótí ìjókòó ni ẹ ó ti ṣe é, níwájú àgbà.

Ẹ kọ́kọ́ yan èyí tí ẹ fẹ́ dán wò

Nínú àwọn ìwé ìbéèrè náà, MNA (Mini Nutritional Assessment) ló gbajúmọ̀ jù. Ọdún 1994 ló jáde; àwọn dókítà Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, àwọn akẹgbẹ́ wọn ní New Mexico, àti iléeṣẹ́ Nestlé ló jọ ṣe é. Ìbéèrè 18 ló ní, àpapọ̀ máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 30. Ẹni tó bá gba 24 sókè, ara rẹ̀ dá. 17 sí 23.5, ewu wà. Ẹni tí kò bá tó 17, àìjẹunrekánú ti wọlé sí i lára. Èyí tí wọ́n gé kúrú nínú rẹ̀, MNA-SF, ní ìbéèrè 6 àti máàkì 14: 12 sí 14 dára, 8 sí 11 léwu, 7 sísàlẹ̀ ti burú. Àǹfààní ńlá kan tó ní fún wa ni pé bí kò bá sí òṣùwọ̀n, ẹ lè fi téépù wọn ẹran ẹ̀yìn ojúgun dípò BMI (ìwúwo ara ní kílò tí a fi gíga ní mítà pín lẹ́ẹ̀mejì).

SNAQ tún kúrú ju ìyẹn lọ. Ìbéèrè mẹ́rin péré ni, gbogbo rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń wu ènìyàn jẹ. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 4 dé 20. Àwọn tó ṣe é rí i pé ẹni tó bá gba 14 tàbí kó dín lè pàdánù ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. SCREEN II, láti Kánádà, wà fún àwọn àgbà tó ń gbé ilé ara wọn. 64 ni àpapọ̀ rẹ̀, ẹni tí kò bá sì tó 54 wà nínú ewu. DETERMINE ti Amẹ́ríkà jẹ́ gbólóhùn mẹ́wàá, 6 sókè sì ni ewu ńlá. MUST, tí àwọn ará Bírítéènì gbé jáde lọ́dún 2003, nílò òṣùwọ̀n àti ìtàn ìwúwo ara, nítorí náà ọsibítù ló bá mu jù.

Tí ẹ bá bi mí, MNA-SF ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ fi SNAQ tì í. DETERMINE kò ṣe é fi pinnu nǹkan. Ìlanilọ́yẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, kí àgbà lè yẹ ara rẹ̀ wò. Àwọn ìbéèrè rẹ̀ sì lè dá ìjà sílẹ̀: ọ̀kan ń bèèrè bóyá ènìyàn ń mu bíà tàbí ọtí líle mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ lọ bi àáfà ẹni ọgọ́rin ọdún ní Ìta-Kúdìmọ̀ ní ìbéèrè yẹn, kí ẹ wá wò ó bóyá á dáhùn èyí tó kù.

MNA ní ẹni tó ni ín o. Orúkọ rẹ̀ àti fọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ ti Nestlé, nítorí náà ẹ kọ̀wé gba àyè kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni SCREEN.

Àṣẹ àti ìwọlé

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò: UITH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ kí mágàjí àdúgbò bó bá jẹ́ Ìlọrin, tàbí ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ bó bá jẹ́ ilẹ̀ Ìgbómìnà, Ọ̀fà tàbí ìhà Èkìtì. Àgbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìtẹ̀ka àti ẹlẹ́rìí bí kò bá mọ̀wé. Orúkọ kò gbọdọ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù ìdáhùn. Nọ́ńbà ni kó wà níbẹ̀, kí ìwé tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà wà ní ọ̀tọ̀. Òfin ìdáàbòbo ìsọfúnni tó jáde lọ́dún 2023 kan irú ìwé báyìí.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé kì í sábà sọ. Ní kété tí ẹ bá mú fọ́ọ̀mù jáde nínú agbo-ilé, ìròyìn á ti tàn pé ìjọba fẹ́ pín ìrẹsì. Ẹni tí kò ní ìṣòro kankan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ebi ń pa òun kú lọ. Kí mágàjí fúnra rẹ̀ ti kéde ṣáájú pé ẹ ò pín nǹkan kan, pé ẹ kò sì kọ orúkọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní ọṣẹ tàbí mílíìkì fún wàhálà wọn, ó di ẹ̀yìn tí gbogbo iṣẹ́ bá parí ládùúgbò náà.

Ìtumọ̀

Kí ènìyàn méjì túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan tó mọ iṣẹ́ ìlera, ọ̀kan tí kò mọ̀ ọ́n rárá. Kí wọ́n jọ so ó pọ̀ di ọ̀kan. Kí ẹlòmíràn tí kò rí ti òyìnbó rí dá a padà sí gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wá fi wé èyí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo èyí, ìlànà tí ayé ń tẹ̀ lé ni, kò sì le.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì fún wa ni àwọn tó máa jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Yorùbá Ìlọrin kì í ṣe ti Ọ̀fà, ti Ọ̀fà kì í ṣe ti Ìgbómìnà, bẹ́ẹ̀ ni ará Ọ̀sì máa ń gbọ́ nǹkan bí ará Èkìtì. Ẹ wá àgbà kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka ìbéèrè náà sókè fún wọn. Ẹ má fún wọn kà. Etí ni àwọn tí ẹ ń lọ bá máa fi gbà á, nítorí náà etí ni kó ti kọ́kọ́ yege. Kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i dáadáa, kí nọ́ọ̀sì mẹ́ta má bàa kà á ní ọ̀nà mẹ́ta.

Kí ni àgbà gbọ́?

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Ẹ wá àgbà bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkùnrin àti obìnrin, ará ìgboro àti ará oko. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ rò pé ìbéèrè yẹn ń wádìí?" Irú ọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbọ́ rèé:

— Màmá, láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ṣé oúnjẹ tí ẹ̀ ń jẹ ti dín kù?
— Ha, a dúpẹ́ o, ọmọ mi. Àwọn ọmọ ń gbìyànjú.

Ìyá yìí kò parọ́. Ohun tó gbọ́ ni pé, ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀? Ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò sí ìyá àgbà kan tó máa sọ níwájú ìyàwó ilé pé oúnjẹ òun dín kù. Bẹ́ẹ̀ ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọ̀fun ń gba oúnjẹ, bóyá eyín ṣì ń jẹ ẹran, bóyá inú kì í kún lójijì.

Ọ̀nà tó máa ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fa nǹkan tó ṣe é rí wọ inú ìbéèrè. Ẹ mú àwo mẹ́ta tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ dání, tàbí kí ẹ ní kó fi ọwọ́ júwe bí àmàlà tó ń jẹ lálẹ́ nígbà Ìtúnu ààwẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ tún bi í nípa ti àná. Bó bá jẹ́ pé ìdajì ló kù, ẹ ti rí ìdáhùn yín, ẹ ò sì dójú ti ẹnikẹ́ni.

"Oṣù mẹ́ta" pàápàá kò ní orí kò ní ìdí fún àgbà tí kì í wo kàlẹ́ńdà. Ẹ ṣe kàlẹ́ńdà ìṣẹ̀lẹ̀ tiyín fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan: Ìtúnu, Iléyá, Máólúdì, Kérésìmesì, ọjọ́ ìwúyè tí ìlú mọ̀, ìgbà iṣu tuntun. Ẹ mú èyí tó sún mọ́ oṣù mẹ́ta jù lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Bí Ramadan bá bọ́ sáàárín oṣù mẹ́ta náà, ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, nítorí ẹni tó gbààwẹ̀ máa sọ pé oúnjẹ òun dín kù, òótọ́ ló sì sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí à ń wá. Ẹ má ṣe ìdánwò náà nínú ààwẹ̀ rárá. Bákan náà, iye ẹran tí àgbà jẹ lọ́sẹ̀ Iléyá kò lè sọ bó ṣe ń jẹun lọ́dún.

Àwọn ibòmíràn tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ rèé.

Jíjẹun. Fún ọ̀pọ̀ àgbà, òkèlè nìkan ni oúnjẹ. Ẹni tó ti mu ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà láàárọ̀, tó tún jẹ wàrà díndín lọ́sàn-án, lè sọ fún yín nírọ̀lẹ́ pé òun kò tíì jẹun. Bí ìbéèrè bá sọ pé "ẹ̀ẹ̀melòó lẹ̀ ń jẹun lójúmọ́," á ní ẹ̀ẹ̀kan, máàkì á sì já. Ẹ bèèrè lọ́nà tí ó tẹ̀ lé ọjọ́: lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kí lẹ fi kan ẹnu? Ó di ọ̀sán ńkọ́?

Rírù. Ìbéèrè MNA-SF fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn ti pàdánù ju kílò mẹ́ta lọ. Ta ló wọn ara rẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn? Ẹni tó bá sọ pé òun kò mọ̀ máa gba máàkì 1, èyí tí kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Bí ẹ bá sì bèèrè tààrà pé ṣé ó ti rù, ẹ ti bú àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ bi ìyá nípa ìró: ṣé ibi tó ń so ó sí ti yí padà? Ẹ bi bàbá nípa ṣòkòtò, okùn rẹ̀, òrùka ọwọ́, aago. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìdáhùn wọ̀nyí rọ́pò ìbéèrè àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi í kún un gẹ́gẹ́ bí àfikún, kí ìṣirò sọ fún yín nígbẹ̀yìn bóyá òun ló mú ẹni tó ń rù jù.

Jíjáde nílé. Àgbà tó ń rìn láti yàrá dé ìloro, tó ń kí gbogbo agbo-ilé, ṣé ó jáde tàbí kò jáde? Ẹ fi ààlà sí i: ẹnu géètì tàbí ẹnu ọ̀nà agbo-ilé ni kó jẹ́. Obìnrin tó wà nínú ẹ̀há tún yàtọ̀. Kò jáde nítorí ẹ̀sìn, kì í ṣe nítorí pé orúnkún rẹ̀ kò gbé e. Bí ẹ ò bá kọ òfin kan sílẹ̀ fún irú èyí, àwọn obìnrin Ìlọrin máa dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn ju àwọn ará Òmù-Àrán lọ, láìnídìí.

Jíjẹun ní dídá. DETERMINE àti SCREEN ń bèèrè bóyá àgbà dá nìkan ń jẹun, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó dá jẹun sábà jẹ́ ẹni tí kò ní ẹnìkan. Níbí, bàbá àgbà ni wọ́n máa ń bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọ́n á gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú àwo tó ní ìdérí, tí ẹran rẹ̀ á sì tóbi jù. Ó dá jẹun nítorí pé àgbà ni. Bí ẹ bá fún un ní máàkì ewu lórí ìyẹn, ọ̀wọ̀ lẹ kà sí àrùn. Ẹni tí mo máa ń ṣọ́ ni ìyá tó ń jẹ àjẹkù ọmọ-ọmọ rẹ̀. Agbo ló wà, kò sì dá jẹun rí, ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò ló ń jẹ. Kò sí ìbéèrè fún tirẹ̀ nínú àwọn ìwé òyìnbó tí mo dárúkọ. Ẹ lè kọ ọ̀kan, kí ẹ sì dán an wò.

Ìbànújẹ́ àti ìrántí. Bí ẹ bá bèèrè "ṣé ìbànújẹ́ ṣẹlẹ̀ sí yín," àdúrà ni wọ́n á fi dá yín lóhùn: Ọlọ́run ò ní jẹ́. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ṣòfò ẹnikẹ́ni, bóyá wọ́n dá wọn dúró ní ọsibítù. Ní ti ìrántí, ẹ má bi àgbà rárá bóyá ó ti ń ṣarán. Ìwé àyẹ̀wò ìrántí kan wà tó ń jẹ́ CSI-D, tí wọ́n ti lò ní Yorùbá nínú ìwádìí tí Ìbàdàn àti Indianapolis jọ ṣe. Ẹ lè fi ṣe ìrànlọ́wọ́.

Wàrà àti mílíìkì. MNA tó gùn ń bèèrè oúnjẹ tí a fi mílíìkì ṣe lójúmọ́. Ní Ìlọrin, ẹ dárúkọ wàrà, kí ẹ dárúkọ nọ́nọ̀. Nínú MNA tó gùn yìí kan náà, máàkì kan wà fún ẹni tí kò gbé ní ilé ìtọ́jú àgbà. Níbi tí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àgbà ń gbé ilé ọmọ tàbí ilé ara wọn, gbogbo wọn á gba máàkì yẹn. Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn dáhùn bákan náà kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

Kí ni ẹ fẹ́ fi wọ́n wé?

Ẹ ò lè sọ pé ìwé ìbéèrè sọ òótọ́ láìsí ohun tí ẹ fi wé e. Ìlànà GLIM, tó jáde lọ́dún 2019, ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Ó ní kí àgbà ní ó kéré tán àmì kan lára (pípàdánù ju 5% ìwúwo láàárín oṣù mẹ́fà, tàbí BMI tó kéré, tàbí iṣan tó ti gbẹ) àti ìdí kan (oúnjẹ tó dín kù, tàbí àìsàn). Ní ti BMI, ìlà rẹ̀ jẹ́ 20 fún ẹni tí kò tíì pé àádọ́rin ọdún, 22 fún ẹni tó ti pé é.

Ẹ ti rí i pé ọjọ́ orí ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ kò ní ìwé ìbí, nítorí náà ẹ lo ìtàn: ṣé wọ́n ti gbéyàwó nígbà tí wọ́n pa Sàdáúnà ní January 1966? Ṣé wọ́n ti bímọ nígbà tí Kwara di ìpínlẹ̀ ní May 1967? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tí pọ́n-ùn di náírà ní January 1973, tàbí nígbà tí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sí ọ̀tún ní April 1972? Àwọn àgbà Ìlọrin máa ń rántí ti Sàdáúnà dáadáa.

Bí ẹ̀yìn bá ti tẹ̀, gíga tí ẹ wọ̀n kò ní jóòótọ́. Ẹ wọn ẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé òkè orúnkún tí a ká, kí ẹ lo ìṣirò Chumlea ti 1985. Fún obìnrin: 84.88, ẹ yọ 0.24 lọ́nà iye ọdún rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi 1.83 lọ́nà gígùn orúnkún kún un. Fún ọkùnrin: 64.19, ẹ yọ 0.04 lọ́nà ọdún rẹ̀, kí ẹ fi 2.02 lọ́nà gígùn orúnkún kún un. Ìyá ẹni ọdún 75 tí orúnkún rẹ̀ ga ní 48 sẹ̀ǹtímítà máa jẹ́ bíi 154.7. Bó bá wúwo ní kílò 44, ẹ pín 44 pẹ̀lú 1.547, kí ẹ tún fi 1.547 pín èyí tó bá jáde: BMI rẹ̀ jẹ́ bíi 18.4, ó sì ti wà nísàlẹ̀ ìlà. Ẹ rántí pé àgbà Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yìí. Bí ẹ bá rí àwọn àgbà tí ẹ̀yìn wọn ṣì tọ́, ẹ wọn gíga wọn gan-an, kí ẹ wò ó bóyá méjèèjì bára mu ládùúgbò yín.

Ní ti ẹran ẹ̀yìn ojúgun, kí àgbà jókòó, kí orúnkún rẹ̀ ká, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi téépù yí ibi tó sanra jù láìfún un, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀ àti sísàlẹ̀ díẹ̀ láti mọ̀ dájú pé ibẹ̀ ló sanra jù. Ìlà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 31: ẹni tó bá tó o gba máàkì 3, ẹni tí kò bá tó o gba 0. Kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun. Bí ó bá jìn tí kò tètè dìde, ẹsẹ̀ ń wú nìyẹn, nọ́ńbà téépù àti ti òṣùwọ̀n kò ṣe é gbára lé. Obìnrin ni kó wọn obìnrin. Ní Ìlọrin, bí ẹ bá rán ọmọkùnrin láti ká ìró ìyá aláàfà, iṣẹ́ yín parí ládùúgbò yẹn.

Ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó wọn ara, wọn kò sì gbọdọ̀ rí ìwé ara wọn kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó parí. Ìbéèrè ni kó ṣáájú ìwọ̀n. Nọ́ọ̀sì tó ti rí i pé kílò 38 ni ìyá kan kò ní lè fi etí lásán gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ mọ́.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó máa kọ ìwé lórí rẹ̀: MNA-SF lo BMI àti rírù, GLIM náà lò wọ́n. Dídá ara mu wọn máa pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ lo MNA-SF olójúgun, kí ẹ sì padà lọ wọn gbogbo wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni tó wúwo ní kílò 50 tó wá pàdánù kílò 2.5 ti pàdánù 5%. Bó bá jẹ́ pé àwọn tí ìwé náà ní ewu wà fún ni wọ́n rù jù, kò sí ẹni tó lè bá yín jiyàn.

Ènìyàn mélòó?

Ká ní ẹ rò pé ìwé náà máa mú 85% àwọn tó ní ìṣòro, ẹ sì fẹ́ kí àṣìṣe yín má ju 10% síwá sẹ́yìn lọ. Ìṣirò rẹ̀ ni 1.96 lọ́nà 1.96, lọ́nà 0.85, lọ́nà 0.15, kí ẹ fi 0.01 pín in. Ó jẹ́ 49. Ṣùgbọ́n 49 yẹn jẹ́ àwọn tó ní àìjẹunrekánú nìkan. Bó bá jẹ́ ẹnìkan nínú márùn-ún ló ní in ládùúgbò yín, àgbà 245 lẹ nílò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi àgbà àádọ́ta ṣe é lè dán ìtumọ̀ àti gbígbọ́yé wò dáadáa. Kó má ṣe fi kéde pé ìwé náà yege.

Ẹ má sì kó gbogbo wọn láti kílíníìkì. Ẹ má sì lọ lọ́jọ́ ọjà. Lọ́jọ́ ọjà Àjàṣẹ́-Ìpo, àwọn tó lágbára ti lọ, àwọn tí kò lè rìn lẹ máa bá nílé.

Ẹni méjì, ìgbà méjì

Kí nọ́ọ̀sì méjì bi àgbà kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ọ̀kan nínú wọn tún padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá tètè jù, àgbà á rántí ohun tó sọ. Bó bá pẹ́ jù, ara rẹ̀ lè ti yí padà.

Ká ní nọ́ọ̀sì méjì bi àgbà 50. Àwọn méjèèjì ní 15 wà nínú ewu, wọ́n jọ ní 25 kò sí nínú ewu, wọn kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí 10, márùn-ún sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹni pé 80% ni wọ́n fi bára mu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tiẹ̀ kàn ń fọwọ́ lé e lójú pípa, wọ́n á bára mu ní 52%: nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní 20 nínú 50 wà nínú ewu, nítorí náà 0.40 lọ́nà 0.40 ni, kí ẹ fi 0.60 lọ́nà 0.60 kún un. Kappa, ìṣirò tí Cohen gbé jáde lọ́dún 1960, ń yọ ti àbá yẹn kúrò: 0.80 yọ 0.52, kí ẹ fi 0.48 pín in. Ó jẹ́ 0.58. Èmi kò ní gbé e lọ síwájú pẹ̀lú iye yẹn. Mo fẹ́ kó ju 0.60 lọ dáadáa. Ẹ wo ìbéèrè tí wọ́n ti yà lórí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ti jíjáde nílé àti ti ìrántí ni. Ẹ tún kọ òfin wọn, ẹ tún àwọn nọ́ọ̀sì kọ́.

Ẹ kọ ẹni tó dáhùn sórí fọ́ọ̀mù nígbà gbogbo: àgbà fúnra rẹ̀, ọmọ, tàbí ìyàwó ilé. Bí ẹni tó dáhùn nígbà kìíní bá yàtọ̀ sí ti ìgbà kejì, ẹ má ka ti àgbà yẹn mọ́ nínú ìṣirò yìí.

Ìṣirò tó pinnu

Ká ní àgbà 120. GLIM sọ pé 40 ní àìjẹunrekánú. Ìwé ìbéèrè mú 34 nínú wọn: 85%, òun ni wọ́n ń pè ní sensitivity. Nínú 80 tí ara wọn dá, ó fi 60 sílẹ̀: 75%, specificity nìyẹn. Àpapọ̀ àwọn tó mú jẹ́ 54, 34 nínú wọn ló jẹ́ òótọ́, bíi 63%.

Ó dára. Ẹ gbé ìwé kan náà lọ sí àdúgbò tí ẹni mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún ní ìṣòro. Nínú àgbà 200, 20 ló ní in, á mú 17. Nínú 180 tó kù, á mú 45 lásán. Ó ti mú 62, ṣùgbọ́n 17 ni òótọ́, bíi 27%. Ìwé náà kò yí padà, ibi tí ẹ gbé e lọ ló yí. Nítorí náà ẹ dán an wò níbi tí ẹ ti fẹ́ lò ó: ti wọ́ọ̀dù ní wọ́ọ̀dù, ti agbo-ilé ní agbo-ilé.

Ìlà 11 tàbí 12 nínú MNA-SF kì í ṣe òfin Ọlọ́run. Ẹ ṣírò sensitivity àti specificity fún máàkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí bí ọ̀kan ṣe ń lọ sílẹ̀ bí èkejì ti ń gòkè. Àwọn kan á mú ibi tí àpapọ̀ méjèèjì ti pọ̀ jù. Mo fara mọ́ ọn fún ìwé ìwádìí, ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Òrò tí nọ́ọ̀sì kan péré wà, iye ẹni tó lè tọ́jú ló yẹ kó pinnu. Bí ẹ bá mú ọgọ́ta ènìyàn wá fún un, kò ní wo ẹyọ kan nínú wọn dáadáa.

Ẹ tún ìṣirò náà ṣe lọ́tọ̀ fún obìnrin àti ọkùnrin, àti fún ìgboro Ìlọrin àti gúúsù. Bí ìwé náà bá ń ṣiṣẹ́ fún ọkùnrin Ọ̀fà tí kò sì ṣiṣẹ́ fún obìnrin Ìlọrin, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ẹ bá rí

Kí ẹ tó bi ẹni àkọ́kọ́ ní ìbéèrè, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ máa darí ẹni tí nǹkan ti burú fún: orúkọ ilé ìwòsàn, ọjọ́ tí wọ́n ń gbà wọ́n, iye tí káàdì ń ná. Ẹni tó gba 7 sísàlẹ̀ nínú MNA-SF, tàbí tó ń rù láìsí ìdí tí ẹ mọ̀, ẹ kọ̀wé fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Ikọ́ ìfe, ìtọ̀ ṣúgà àti jẹjẹrẹ lè fara pamọ́ sábẹ́ rírù. Ẹni tó wà láàárín 8 sí 11, ẹ bá ẹni tó ń se oúnjẹ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe òun nìkan: ẹ̀pà lílọ̀ tàbí mílíìkì nínú ẹ̀kọ, ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún ẹni tí eyín rẹ̀ ti tán, ẹyin, wàrà, ẹja nínú ọbẹ̀, kí wọ́n sì máa bù ú díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún dípò àwo ńlá kan lálẹ́. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn kíndìnrín, dókítà ni kó kọ́kọ́ sọ ohun tó lè jẹ. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀ kan sínú ìwé orúkọ, kí ẹ sì pè é lẹ́yìn oṣù kan láti mọ̀ bóyá wọ́n dé ilé ìwòsàn náà.